Ìyá Tó Wá Bèèrè Tíṣà

Bàbá mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwọn amí ju bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lọ. Tíṣà jọ́gíráfì ni, ní iléèwé girama kan ní apá Ẹgbẹ́dá níbi tí à ń gbé, gbogbo àdúgbò kò sì pè é ní nǹkan mìíràn ju Tíṣà lọ. Tí àwọn bàbá yòókù bá jókòó síwájú ilé nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, tèmi á ti gbé rédíò rẹ̀ sétí, á na irin rẹ̀ sókè, á máa yí i kiri títí yóò fi rí ìbùdó òkèèrè kan tó ń sọ ọ̀rọ̀ tó wù ú. Ó mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ní ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Ó mọ̀ pé ti àwọn ará Rọ́ṣíà, àwọn ọmọ ìlú wọn gan-an ló ń bẹ̀rù rẹ̀ jù. Ó máa ń fi àwọn Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín, pé ìjọba wọn fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé àwọn ò ní irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, nígbà tí gbogbo onítakisí Lọ́ńdọ̀nù mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mọ́mì ní ọkọ òun mọ ibi tí àwọn Rọ́ṣíà ń kó ìbọn wọn pamọ́ sí, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú kíṣìnì ara rẹ̀.

Yàrá méjì àti pálọ̀ kan la ní nínú ilé tí à ń gbé. Iwájú ilé náà ni onídìrí kan pàgọ́ rẹ̀ sí. Òdìkejì rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀, mùsùlùmí kan tó ti Ọ̀yọ́ wá, tó máa ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu sọ̀rọ̀ tí abẹ́rẹ́ náà kò sì ní bọ́. Ìyá Oníkẹrosíìnì ló wà ní igun. Àwọn mẹ́ta yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ bàbá mi nírọ̀lẹ́. Bí ó bá ti pa rédíò, wọn á ní, “Tíṣà, kí ni wọ́n tún wí?” Á sì bẹ̀rẹ̀.

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ tó sọ ti àwọn ará Jámánì fún wọn. Ó ní lẹ́yìn tí ògiri tó pín ìlú wọn sí méjì wó, wọ́n ṣí ilé àwọn amí apá ìlà-oòrùn sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Àwọn kan kà á, wọ́n sì rí i pé ẹni tí àwọn jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ló ń rojọ́ àwọn fún ìjọba.

“Sùbúhánálláhì!” Bàbá Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.”

“Ọkọ kẹ̀?” onídìrí ní. “Tó ń jẹ ọbẹ̀ obìnrin náà? Tó tún ń lọ sọ ọ́?”

Bàbá mi kò fi ìyẹn rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé gbogbo ìlú kan lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ara wọn, kó tó di pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ti kọ́ ọ. Ó gbé rédíò rẹ̀ wọlé.

Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ rédíò lásán ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ológun fagi lé ìbò tí gbogbo wa dì, ọ̀rọ̀ náà sì wá jókòó tì wá. Bàbá mi àti àwọn olùkọ́ bíi mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèpàdé. Wọ́n ń kọ ìwé pélébé tí wọ́n ń pín fáwọn èèyàn, pé kí ṣọ́jà padà sí bárékè. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé méjì nínú wọn. Ọ̀kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni wọ́n ní kó yọjú síta díẹ̀, a kò sì rí i mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti máa ń lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìpàjà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ ọjọ́ tó máa lọ fún ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ti yí padà.

“Tí wọ́n bá rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá wò mí, ẹ má retí ọkùnrin tó wọ awò dúdú,” ó sọ fún wọn. “Inú fíìmù nìyẹn wà. Obìnrin ni wọ́n máa rán, àgbàlagbà. Á kí yín dáadáa, á jókòó tì yín. Á bèèrè bóyá omi wà ládùúgbò, á bèèrè iléèwé, á bèèrè bí ọjà ṣe ń lọ. Ìgbà tí ara yín bá ti balẹ̀ tán ló máa wá bèèrè mi, bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan.”

“Kí la wá máa sọ?” Ìyá Oníkẹrosíìnì bèèrè.

“Ẹ ò mọ̀ mí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.”

Ilé wa náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Tí àjèjì bá bá Bàbá fúnra rẹ̀ nínú pálọ̀, tó sì bèèrè bóyá òun ni Tíṣà, ohun tó máa sọ ni pé àbúrò Tíṣà ni òun, pé ẹ̀gbọ́n òun rìnrìn àjò. Ó fi kọ́ wa débi pé àwọn àbúrò mi máa ń fi ṣeré. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣe ohùn ṣọ́jà, Bàbá á sì dáhùn láti inú yàrá pé, “Àbúrò ẹ̀ ni mí o!” Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Àárín gbogbo èyí ni ọkùnrin kan sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, Mọ́mì kò sì ní àdúrà mìíràn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Ìpàjà, ibẹ̀ ló ti wá gba abẹ́rẹ́ ibà. Ó bẹ̀rù abẹ́rẹ́ débi pé ó ní kí n kọ́kọ́ kọrin fún òun. Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sì tún padà wá nígbà tí ibà ti lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò sí ìdí tí mo fi máa fi bò. Ọmọ Àgbàdo ni, ẹbí rẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀.

Mọ́mì ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe nìyẹn, ohun rere kì í jáde sí gbangba títí yóò fi gbó. Tí ọkùnrin náà bá wá kí wa, Mọ́mì á sọ fún àwọn ará ilé pé ọmọ ìjọ wa ni. Onídìrí kò mọ̀, Bàbá Télọ̀ kò mọ̀. Ìyá Oníkẹrosíìnì tó mọ ọjọ́ tí adìẹ ẹlòmíràn yé ẹyin, kò mọ̀.

A mọ̀ pé ìwádìí ń bọ̀. Kò sí ìdílé kan tó mọ ohun tó ń ṣe tó máa fẹ́ ìyàwó fọ́mọ wọn láìrán èèyàn lọ wo ilé tí ọmọ náà ti wá, bóyá àrùn kan wà níbẹ̀, bóyá olè ni wọ́n, bóyá ìyá ọmọ máa ń lu bàbá. Ṣùgbọ́n a rò pé ìlú wa ní Èkìtì ni wọ́n máa lọ ṣe é, bí ayé àtijọ́. Mọ́mì ti ránṣẹ́ sílé pàápàá pé kí wọ́n múra. Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà pé kí òyìnbó tó kọ́lé fún amí, àwọn ìyá wa ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọn kì í ya fọ́tò, wọn kì í gbé ìbọn. Wọ́n á lọ jókòó síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ lẹ́nu èèyàn, wọ́n á bèèrè omi, wọ́n á bèèrè ọjà, ohun tí wọ́n bá wá á sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ pé òun sọ nǹkan. Bàbá mi tó mọ iṣẹ́ amí gbogbo ayé kò ronú kan èyí tó wà nílé.

Ọjọ́ tí ìyá náà wá, mo wà níbi iṣẹ́, Bàbá wà ní iléèwé, Mọ́mì lọ sí ọjà Ìkọ̀tún. Ẹnu àwọn ará àdúgbò ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ débi pé ó ti ń ṣe mí bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.

Àgbàlagbà obìnrin ni, ó ró aṣọ àdìrẹ, ó gbé báàgì kékeré kan dání. Ó kí onídìrí, ó ní kó bá òun di ṣùkú, ó sì jókòó. Ó yin ọwọ́ rẹ̀. Ó bèèrè bóyá omi máa ń wà ládùúgbò. Onídìrí ní ibẹ̀ ni òun ti rántí ọ̀rọ̀ Tíṣà. Ìyá náà bèèrè iléèwé. Ó bèèrè bí ọjà ṣe ń lọ. Bí Tíṣà ṣe tò ó gẹ́lẹ́ ló ń bọ̀.

“Mo gbọ́ pé tíṣà kan ń gbé ibí yìí,” ìyá náà ní, “tó ní ọmọ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì.”

“Tíṣà kẹ̀? Kò sí tíṣà níbí mà. Àwọn mẹkáníìkì ló kún ibí.”

“Ọmọ náà ńkọ́?”

“Mi ò mọ ọmọ kankan mà. Ẹ tẹrí sílẹ̀ díẹ̀ sí i.”

Onídìrí ní òun kò di ṣùkú tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Bí ìyá náà ṣe dìde, ọ̀dọ̀ Bàbá Télọ̀ ló sọdá sí. Ìyẹn náà ti ń wò ó láti òkèèrè.

“Tíṣà? Áà, wọ́n ti kó lọ o. Wọ́n ní Sókótó ni wọ́n gbé wọn lọ.”

“Ṣé èèyàn dáadáa ni wọ́n nígbà tí wọ́n wà níbí? Ṣé wárápá ò sí nínú ìdílé wọn, àbí àrùn ọpọlọ?”

“Ìyá, mi ò lè sọ jàre. Wọn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.”

Ìyá Oníkẹrosíìnì kò tilẹ̀ jẹ́ kó bèèrè tán. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dárúkọ Tíṣà fún mi mọ́. Ó ti kú.” Ó sọ fún wa pé òun sunkún díẹ̀ sí i kó lè dára. Ìyá náà dúró láàárín títì, ó wo ilé wa láti òkè délẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí a dé nírọ̀lẹ́, bí ẹni tó ti ogun bọ̀ ni gbogbo wọn ṣe pàdé Bàbá. “Tíṣà, a ti lé e lọ o!” Wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Inú Bàbá dùn, mo rí i, ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má tún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe. “Ẹ gbìyànjú, ṣùgbọ́n báwo ni mi ò ṣe ní sí, tí n ó tún wà ní Sókótó, tí n ó tún ti kú? Ohun àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí gbogbo ẹnu pa irọ́ kan ṣoṣo!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Mọ́mì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé agbọ̀n ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá Télọ̀, kí lẹ ní ìyá náà bèèrè lọ́wọ́ yín?”

“Ó ní ṣé wárápá wà nínú ìdílé yín. Mo ní mi ò lè sọ.”

“Wárápá,” Mọ́mì ní. “Kí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fẹ́ fi wárápá ṣe?”

Yúnífọ́ọ̀mù mi ṣì wà lọ́rùn mi. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì onídìrí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi wá. Kò jókòó dáadáa, eteetí àga ló fìdí lé. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin ni wọ́n rán, pé òun kò mọ ọjọ́ tó lọ, wọn kì í sọ ọ́ fọ́mọ. Ìyá náà dé, ó jíṣẹ́ fún ẹbí. Ó ní ẹnì kan sọ pé kò sí tíṣà rí, ẹnì kan sọ pé ó ti kó lọ, ẹnì kan sọ pé ó ti kú. Ó ní láti ìgbà tí irun òun ti dúdú lòun ti ń ṣèwádìí fún ẹbí àwọn, òun kò rí ìdílé tí àdúgbò rẹ̀ kọ̀ ọ́ báyìí rí. Ẹbí ní kó jáwọ́.

“Mo sọ fún wọn pé mo jókòó ní pálọ̀ yín, mo jẹ ẹ̀bà yín,” ó ní. “Wọ́n ní ìfẹ́ ti fọ́ mi lójú.”

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà tí a lè gbà tún un ṣe. Ìdílé ọmọbìnrin kì í dìde lọ bá ìdílé ọkùnrin pé èèyàn rere làwọn, kí wọ́n wá fẹ́ ọmọ àwọn. Àbùkù ni. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n fẹ́ tò lọ sí Àgbàdo. Onídìrí ń sunkún, èyí kì í sì í ṣe irú ẹkún Ìyá Oníkẹrosíìnì. Mọ́mì bi wọ́n pé, “Kí lẹ fẹ́ lọ sọ? Pé ẹ parọ́ lọ́jọ́sí, pé òtítọ́ lẹ gbé wá lónìí? Tí wọ́n bá ní kí ló dé tí ẹ fi parọ́ ńkọ́?” Láti dáhùn ìyẹn, wọ́n máa ní láti sọ ohun tí bàbá mi ń ṣe fún àwọn èèyàn tí a kò mọ̀, ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan lè gbé èèyàn lọ síbi tí ẹbí rẹ̀ kò ní mọ̀.

Inú bí mi sí bàbá mi. Mi ò lè sọ ọ́ sí i lójú, ṣùgbọ́n mi ò gbé oúnjẹ fún un fúnra mi mọ́, àwọn àbúrò mi ni mo ń rán. Ó mọ̀. Ó máa ń jókòó síwájú ilé nírọ̀lẹ́ láìtan rédíò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ náà kò bi í pé kí ni wọ́n tún wí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, ọ̀sán, a ti jẹun tán. Bàbá wà ní pálọ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Onídìrí kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó jókòó síwájú ilé, òun ló sáré wọlé, tó ní, “Ẹ gbà mí o, ṣùkú mi ló ń bọ̀ yẹn.” Lóòótọ́ ni. Ìyá náà kò tíì tú irun rẹ̀. Ó kọjá lára onídìrí láìbínú, ó sì dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn wa.

“Ẹ kú ilé o.”

“Ẹ káàbọ̀ mà,” Mọ́mì ní.

“Ẹni tí wọ́n ní ó ti kú ni mo ń wá.” Ó wo bàbá mi. “Ṣé ẹ̀yin ni Tíṣà?”

Àbúrò mi tó kéré jù wo Bàbá, ẹnu rẹ̀ ti là, ó ti ń retí ìdáhùn tí gbogbo wa mọ̀. Bàbá dìde. Ó na ọwọ́ mú ẹ̀wù rẹ̀ lórí àga, ó wọ̀ ọ́, ó di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀.

“Èmi ni mà,” ó ní. “Ẹ wọlé, ẹ jókòó.”

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà. Ó wò mí pẹ́, ó ní kí n dìde, mo sì lọ dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, níbi tí mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ni mí, láti Àgbàdo. A kì í ṣe é báyìí. Ẹni tó ń ṣèwádìí kì í wọ ilé tó ń wádìí. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ò jẹun mọ́, mi ò sì lè máa wò ó. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ bi àwọn aládùúgbò yín, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bi.”

“Ẹ bi mí mà.”

Ó bèèrè wárápá. Bàbá ní kò sí. Ó bèèrè ẹ̀tẹ̀, Bàbá ní kò sí. Ó bèèrè àrùn ọpọlọ. Bàbá ní, “Àbúrò bàbá mi kan wà. Ó ṣe é nígbà kan. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, ó sàn, ó ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Ẹnikẹ́ni ò ṣe irú ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ẹ̀.” Mi ò gbọ́ ọ rí. Mọ́mì wúkọ́ nínú kíṣìnì.

“Kí ló dé tí àdúgbò yín fi parọ́ fún mi?”

“Èmi ni mo kọ́ wọn.”

Ó wá sọ ọ́ fún un. Ó sọ ti àwọn olùkọ́, ó sọ ti ìpàdé, ó sọ pé òun lòun ń kọ ìwé tí wọ́n ń pín. Ó sọ ti àwọn méjì tí wọ́n gbé. Mọ́mì tún wúkọ́, ó wúkọ́ gan-an. Bàbá kò dúró. Ó ní òun kì í sun ilé lójoojúmọ́, pé Ìpàjà lòun ń sùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé bí wọ́n bá fẹ́ ọmọ òun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Ìgò kan jábọ́ ní kíṣìnì, mi ò sì mọ̀ bóyá ó jábọ́ fúnra rẹ̀.

Ìyá náà tẹ ara síwájú lórí àga.

“Ẹ̀rù ò bà yín?”

“Ó ń bà mí mà,” Bàbá ní. “Lójoojúmọ́ ló ń bà mí. Tí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn yìí, àyà mi á já.”

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Gbogbo ẹ̀rín tí a máa ń rín nígbà tí àwọn àbúrò mi bá ń ṣe ohùn ṣọ́jà wá sí mi lọ́kàn. Bàbá ló ń rín jù nínú wa.

Ìyá náà gba omi mu, kò jẹun. Ó ní òun ti gbọ́. Ó dìde, ó sì lọ. Mọ́mì kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó tú síta ló dùn ún. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ máa sùn síbòmíràn, kì í ṣe Ìpàjà. Bàbá ní òun kò lọ síbì kankan, pé òun ń retí àlejò. Ó sun ilé lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà. Ó tún máa ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ sọ́rùn nínú ilé, kì í jókòó pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì mọ́.

Èmi ni mo gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ náà.

Àwọn tí a ń retí wá. Ọkùnrin náà ló ṣíwájú wọn, kò jókòó sí eteetí àga mọ́. Ìyá náà kò bá wọn wá, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ohun tó sọ fún ẹbí. Ó ní, “Mo bá Tíṣà. Ohun tí aládùúgbò kankan ò ní sọ fún mi nípa ẹ̀, òun ló fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ẹ lọ fẹ́ ọmọ náà.” Kò sọ èyí tó kù fún wọn. A wá mọ̀ nígbà tó yá pé kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí àwọn ológun fi lọ.

Wọ́n dá ọjọ́ ìdáná. Bàbá Télọ̀ rán aṣọ Bàbá lófẹ̀ẹ́, ó ní gbèsè irọ́ lòun ń san. Onídìrí di irun mi fún wákàtí pípẹ́, bí ẹni pé ó fẹ́ san gbogbo ìkánjú ọjọ́sí padà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìdáná, Bàbá gbé dígí kékeré kan kọ́ ojú fèrèsé lẹ́yìnkùlé, ó ń fá irùngbọ̀n. Mo bu omi gbígbóná lọ fún un. Ara mi yá, mo ń bá a ṣàwàdà, ibi àwàdà náà ni ìbéèrè kan ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ pé ó wúwo.

“Bàbá, ìyá yẹn ò mú nǹkan kan dání. Ẹ ò rí wọn rí, ọmọ wọn ò sí pẹ̀lú wọn. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Àgbàdo ni wọ́n ti wá lóòótọ́?”

“Mi ò mọ̀.”

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. “Ẹ ò mọ̀?”

“Mi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n rán amí sílé ara mi, irú ìyá yẹn gẹ́lẹ́ ni n ó rán. N ó ní kó sọ pé ẹbí ọkọ ọmọ mi lòun.” Ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí dígí, ó fá a lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà náà ni mo tó mọ ìdí tí Mọ́mì fi ń wúkọ́. Mo mọ ìdí tí ìgò fi jábọ́, mo sì mọ irú àlejò tí Bàbá ń retí ní gbogbo ọjọ́ tó fi wọ ẹ̀wù sọ́rùn nínú ilé. Mo gbé abọ́ omi gbígbóná náà kalẹ̀.

“Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn?”

Ó ṣan abẹ rẹ̀ nínú omi, ó gbọ̀n ọ́n nù. Kò wo ojú mi, inú dígí ló ti wò mí.

“Ó ní ọmọ mi lòun wá bèèrè,” ó ní. “Ṣé kí n wá sọ pé mi ò sí ni?”